Lẹ́tà sí Mosúnmọ́lá láti Etí Ọ̀sà

Mosúnmọ́lá, mo rí ìwé rẹ gbà.
Kásúmù apẹja ló mú un wá láti Èpè,
ó fi í sábẹ́ fìlà kí omi má baà kàn án.
O ní ṣé orí mi pé.
O ní kí n dárúkọ ẹni tó ṣẹ̀ mí.

Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí.
Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ sílẹ̀ ní kóòtù,
"olùjẹ́jọ́ ní òun kò jẹ̀bi",
títí di ọjọ́ tí mo fẹ́ kọ orúkọ ara mi sórí fọ́ọ̀mù
tí ọwọ́ mi kọ ti ẹlòmíràn.
Mo wò ó títí tádàwá rẹ̀ fi gbẹ.
Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé mo ti jìnnà sílé.

Ibi tí mo wà yìí kò lórúkọ.
Bí o bá kúrò ní èbúté Èpè, tí o kọjú sí ìlà oòrùn,
tí ariwo ẹ̀rọ tó ń lọ ata ti dákẹ́ lẹ́yìn rẹ,
wàá rí igi àgbọn méjì tó tẹ̀ síra wọn
bí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ẹnìkan lẹ́yìn.
Ẹ̀yìn wọn nilé mi.
Ọparun ni ògiri, imọ̀ ọ̀pẹ ni òrùlé.
Òjò àkọ́kọ́ wọlé láìkan ilẹ̀kùn.
Mo ní, "Káàbọ̀." Kí ni ǹ bá ṣe?

Má rò pé ó rọrùn.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ewé ojú oró ni ìgèrè mi ń mú wá fún mi.
Akàn gé mi ní àtàǹpàkò.
Ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn, òyà ló kọ́kọ́ mọ adùn rẹ̀.
Lálẹ́, yànmùyánmú ń pe orúkọ mi létí
bí èmi náà ti máa ń pe ẹlẹ́jọ́ nígbà kan:
ẹ̀ẹ̀mẹta, láìṣàánú.
Mo sunkún lọ́jọ́ kan. Ọ̀sà kò wí nǹkan kan.
Ó dára tí kò wí nǹkan kan.

O kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé igi kan kì í dá igbó ṣe.
Òótọ́ ni, àbúrò mi.
Ṣùgbọ́n mo ti ń wo igbó yìí láti ìgbà ọyẹ́:
kò sí igi tó ń bá igi kejì mu omi.
Oníkálukú ló na gbòǹgbò tirẹ̀ sínú òkùnkùn,
tó táràrà títí tó fi kan ibi tútù,
kí ẹ̀ka wọn tó fọwọ́ kanra lókè.
Èmi, òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀.
Gbòǹgbò ni mo wá wá síbí.

Àná, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo wọ inú omi dé ìbàdí.
Kùrukùru bo gbogbo rẹ̀, n kò rí ọwọ́ ara mi.
Lékèélékèé kan bà sórí òpó àwọ̀n àtijọ́,
ó wò mí, kò sá.
Fún ìgbà díẹ̀, Mosúnmọ́lá,
n kò ní orúkọ, n kò ní gbèsè,
n kò jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni, n kò sì dá wà.
Omi tó wà nínú mi àti omi tó yí mi ká
jọ ń mí.
N kò mọ bí a ti ń kọ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.
Adájọ́ ìbá ní kí n jókòó.

N kò ní purọ́ fún ọ: iyọ̀ àti ìṣáná,
ọwọ́ Kásúmù ni mo ti ń rà wọ́n. Ẹja ni mo fi ń san owó,
bí mo bá rí ẹja.
Ó ń fi mí ṣẹ̀rín:
"Akọ̀wé tó sá fáyé, tí ò lè sá fún iyọ̀!"
Àwa méjèèjì la jọ ń rẹ́rìn-ín.

Bí o bá ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mú irúgbìn ilá dání.
Má mú rédíò wá.
Ìgèrè mi mú àrọ̀ kan lónìí, kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ.
Mo dá a padà sómi.
Ebi ń pa mí bí mo ti ń kọ èyí.
Kò sẹ́ni tó ní kí n dá a padà.